Mo Kọ Ọ́ Sílẹ̀ Pé Kò Sẹ́ni Tó Ń Kan Ilẹ̀kùn Náà

Ẹ má ṣàánú mi. Kì í ṣe nítorí àánú ni mo ṣe ń sọ ìtàn yìí. Ọkùnrin kan ti kú, obìnrin kan sì ru ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀ fún oṣù mẹ́rin. Èmi ni mo gbé e rù ú, mo sì dúró, mò ń wò ó bó ṣe ń rù ú lọ.

Kodzo ni orúkọ mi. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ilé ìwòsàn ìjọ kan nílùú Ho ni mo ti lo ọjọ́ ayé mi. Ẹnubodè ni mo kọ́kọ́ ń ṣọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n máa gbé lẹ́tà láti wọ́ọ̀dù kan dé òmíràn. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kí n tó lè ka orúkọ tó wà lára lẹ́tà tí mò ń gbé. Kó tó dìgbà yẹn, àwọ̀ àpò ìwé ni mo fi ń dá wọn mọ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ ni mo lọ. Mò ń jókòó sórí àga àwọn ọmọdé, orúnkún mi ń gbá tábìlì. Mo kàwé, mo yege, mo kọ́ kọ̀ǹpútà. Nígbà tí ilé ìwòsàn ra ẹ̀rọ tí ń gba ímeèlì tó sì ń pín in fún gbogbo òṣìṣẹ́, èmi ni wọ́n fi ṣe olùtọ́jú rẹ̀. Ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ gbé lẹ́tà ti di ẹni tí ń fi ẹ̀rọ gbé e. Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ibẹ̀ ni ìgbéraga ti bá mi wọlé.

Lọ́dún yẹn, ìjọ rán obìnrin kan wá láti Accra kó wá yẹ ẹ̀rọ wa wò. Ìyáàfin Dzigbordi ni wọ́n ń pè é. Kì í pariwo. Ó jókòó ti ẹ̀rọ náà fún bíi wákàtí kan, ó wá yíjú sí mi, ó pè mí ní Efo, ìyẹn ẹ̀gbọ́n lédè wa.

"Efo Kodzo, iṣẹ́ mọ́kànlá ló ń lọ nínú ẹ̀rọ yìí. Mélòó lẹ̀ ń lò?"

"Mẹ́rin, Ìyáàfin."

"Méje tó kù ńkọ́?"

"Bí wọ́n ṣe gbé e wá la ṣe fi sílẹ̀."

"Ilé ẹni kan ní ilẹ̀kùn mọ́kànlá, mẹ́rin ló ń gbà jáde gbà wọlé, ó wá ṣí méje yòókù sílẹ̀ gbayawu. Efo, àlejò wo ló ń retí?"

Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kì í rẹ àwọn olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ilẹ̀kùn tí onílé ti gbàgbé ni wọ́n máa ń wá. Iṣẹ́ tí a kò bá lò, kí a pa á.

"Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o," ó na ìka sí mi. "Ẹ má kàn ti ilẹ̀kùn pa. Ẹ kọ́kọ́ ṣọ́ ọ, kí ẹ mọ ẹni tó ń kàn án. Oṣù kan gbáko. Ẹlòmíì wà tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń yọjú. Bí oṣù bá pé tẹ́nì kankan ò wá, ẹ pa á. Kí ẹ wá kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tẹ́ ẹ parí, kí ẹ fi orúkọ yín sí i."

"Oṣù kan ti pọ̀ jù, Ìyáàfin."

"Ẹni tí oṣù kan bá pọ̀ jù fún, kó lọ máa tajà. Ẹ̀rọ ò ṣe é kánjú sí."

Ó kọ́ mi ní gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó kọ́ mi dáadáa. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé n kò mọ̀.

Lóṣù Karùn-ún, Dókítà Ametefe, ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn, pè mí sí yàrá rẹ̀. Ó ní ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn yóò jókòó lọ́jọ́ kẹwàá oṣù Kẹfà láti yan ẹni tí yóò jẹ́ olórí gbogbo ẹ̀rọ wa. Ó ní èmi àti Edem ni orúkọ wa wà níbẹ̀.

Edem ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì nígbà náà ni. Ọmọ tó gbọ́n ni, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú. Lọ́jọ́ tó rí ìwé tí mo kọ iṣẹ́ méje náà sí, ó gbé e sókè níwájú gbogbo òṣìṣẹ́.

"Efo, àwọn orúkọ yìí le o! Ṣé kí n bá yín sípẹ́lì wọn?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

"Kódà kó o kàwé dé inú òṣùpá," mo dá a lóhùn, "ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀rọ wà."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rín in. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Mo pinnu pé kí ìgbìmọ̀ tó jókòó, iṣẹ́ Ìyáàfin Dzigbordi yóò ti parí, orúkọ mi ni yóò sì wà lábẹ́ ìwé náà.

Ọjọ́ kejì oṣù Kẹfà ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ àwọn ilẹ̀kùn. Mẹ́fà nínú wọn, ẹnikẹ́ni kò lò ó láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ẹ̀rọ náà wá. Ìkeje ni ọ̀nà àtijọ́ tí èèyàn fi ń wá kó lẹ́tà rẹ̀ lọ sínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀, tí yóò sì máa kà á níbi tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ní Ho, kò sẹ́ni tó tún ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ṣọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó wá.

Lọ́jọ́ kẹfà oṣù, mo pa méjèèje.

Mo wá mú ìwé. Mo kọ ọ́ pé: "Mo ṣọ́ wọn láti ọjọ́ keje oṣù Karùn-ún títí di ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹfà. Kò sẹ́ni tó kan ìkankan nínú wọn." Mo bu ọwọ́ lù ú. Ìyẹn ló yẹ kó bà mí lẹ́rù, ṣùgbọ́n kò bà mí lẹ́rù.

Lẹ́yìn náà, mo fi ímeèlì ránṣẹ́ sí gbogbo òṣìṣẹ́ pé a ti ti ọ̀nà àtijọ́ pa, kí ẹni tó bá ń gba ibẹ̀ wá rí mi. Ẹ rò ó wò. Ẹni tó ń gba ibẹ̀ kò lè rí ìkìlọ̀ náà, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ìbá gbà rí i.

Ìgbìmọ̀ jókòó. Dókítà Ametefe na ìwé mi sókè. Ó ní, "Ẹ wo ọkùnrin tó ti ẹnubodè bẹ̀rẹ̀!" Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n fún mi ní ipò náà. Afi, ìyàwó mi, ro akple, òkèlè àgbàdo wa, ó fi ọbẹ̀ ilá àti alákàn sí i, ó ń pè mí ní "ọ̀gá pátápátá" títí mo fi jẹun tán.

Ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù náà, fóònù mi dún.

Sefakor ni, nọ́ọ̀sì tó wà nílé ìtọ́jú wa kékeré lórí òkè. Òun nìkan ló wà níbẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dé ilé ìtọ́jú náà. Lọ́jọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù kọ̀ọ̀kan, á gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ gun góńgó òkè lọ, á kó èsì àyẹ̀wò àwọn aláìsàn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, á sì sọ̀ kalẹ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ọ̀nà àtijọ́ náà, lọ́dún mẹ́fà ṣáájú. Ẹ má béèrè bóyá mo gbàgbé ni. Èèyàn kì í rántí ohun tí kò fẹ́ rántí.

"Efo Kodzo, ẹ káàárọ̀ o! Sefakor ni, láti ọ̀run."

"Sefa! Àwọn ọ̀bọ òkè yín ńkọ́?"

"Wọ́n ní kí n kí ẹ̀gbọ́n àwọn ní Ho." Ó rẹ́rìn-ín, ó ń mí hẹlẹ. "Efo, ẹ̀rọ yín ò gbà fún mi o. Ó ní wọ́n kọ̀ mí."

"Wọ́n kọ̀ ọ́ báwo?"

"Ohun tó kọ síbẹ̀ nìyẹn. Mo ti gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mẹta."

Mo wo ìwé tó wà lórí tábìlì mi. Ilẹ̀kùn méje. Mo ti fi biro pupa fa ìlà sí méjèèje. Bí mo bá ṣí ìkan padà, ẹ̀rọ náà yóò sọ fún Ìyáàfin Dzigbordi ní Accra lójú ẹsẹ̀. Yóò pè mí. Yóò ní, "Ta ló kàn án tẹ́ ẹ fi ṣí i? Ṣebí ẹ ní kò sẹ́ni?"

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni," mo sọ fún Sefakor.

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kẹ̀? Ó mà gún régé níbí o. Ṣebí mò ń gbọ́ yín ketekete."

"Ṣé o ò mọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì òkè yẹn ni? Sọ̀ kalẹ̀. Tún gòkè lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Efo, èsì márùn-ún ni mò ń retí. Ìkan jẹ́ ti Korsi, ahunṣọ yẹn. Ikọ́ rẹ̀ ò dùn ún gbọ́. Òjò ti gé ọ̀nà, mọ́tò tó ń gbé ìwé wá ò lè gòkè. Àwọn ilé àyẹ̀wò náà ò sì ní sọ èsì aláìsàn fún mi lórí fóònù."

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, Sefa."

"Ó dáa, Efo. Ẹ ṣeun. Mo mọ̀ pé ẹ máa bá mi wò ó."

Ó pè lọ́sẹ̀ kejì. Mo tún ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ó pè lọ́sẹ̀ kẹta. Mo jẹ́ kó dún títí ó fi dákẹ́.

Lọ́sẹ̀ kẹrin, Sefakor fi ẹsẹ̀ rìn sọ̀ kalẹ̀ gba ojú ọ̀nà tí òjò ti gé, ó wọ mọ́tò wá sí Ho, ó gba èsì náà lórí ìwé. Ikọ́ jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ ni. Èsì náà ti wà nínú ẹ̀rọ mi láti ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹfà. Ó gbé oògùn padà lọ. Korsi lò ó fún ọjọ́ mẹ́ta, ó sì kú. Ẹni ọdún mọ́kàndínlógójì ni. Aṣọ rẹ̀ kan ṣì wà lórí òfì, kò tíì dé ìdajì.

Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀. Sefakor dúró níwájú wọn, ó ní òun gun òkè ní ẹ̀ẹ̀mẹta, òun sì pè mí. Dókítà Ametefe wò mí.

"Efo Kodzo, ṣé ó pè yín?"

"Ó pè mí kó lè kí mi," mo dáhùn. "Mo sọ fún un pé kó ka ìkìlọ̀ tí mo fi ránṣẹ́." Mo sì gbé ímeèlì náà jáde, tòun ti ọjọ́ tí mo fi í ránṣẹ́. "Gbogbo òṣìṣẹ́ ló rí i gbà. Ẹ̀rọ wa kò sì ní àkọsílẹ̀ kankan pé ó wá lóṣù náà."

Òótọ́ ni. Ilẹ̀kùn tí a ti pa kì í kọ orúkọ ẹni tó kàn án.

Wọ́n ní kí Sefakor lọ jókòó sílé títí wọn yóò fi parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kó tó kúrò ní Ho, ó wá sí ọ́fíìsì mi. Kò jókòó.

"Efo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí. Mo pè yín. Ẹ ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni."

"N kò rántí, Sefa."

Ó wò mí pẹ́. Kò bínú. Ó dà bí ẹni tó ń wá nǹkan lójú mi, tí kò sì rí i.

"Ó dáa, Efo," ó wí, ó sì fa ilẹ̀kùn dé jẹ́ẹ́.

Mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo jẹun lọ́jọ́ náà. Mo sùn. Mo gbọ́ pé àwọn ará òkè kì í kí i mọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, pé wọ́n ń pè é ní nọ́ọ̀sì tó sun oorun títí aláìsàn fi kú. Mo gbọ́ ọ bí èèyàn ṣe ń gbọ́ pé òjò rọ̀ ní ìlú míì. Mo rò pé ọkàn mi yóò máa nà mí ní pàṣán. Kò nà mí. Ohun tó wà nínú mi dà bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé títí tó fi kú tipiri.

Lóṣù Kọkànlá, Ìyáàfin Dzigbordi dé láti tún ẹ̀rọ yẹ̀ wò. Ó béèrè fún ìwé mi. Ó béèrè fún ìwé ìgbìmọ̀ ìwádìí. Ó kà wọ́n ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ó wá ní kí wọ́n ránṣẹ́ pe Sefakor, kó mú ìwé tí ó ń kọ àkọsílẹ̀ iṣẹ́ sí dání.

Lọ́jọ́ kejì, àwa márùn-ún la jókòó nínú yàrá ìpàdé. Èmi, Dókítà Ametefe, Edem, Sefakor àti òun. Ọ̀sán gangan ni. Oòrùn wọlé dé orí tábìlì.

"Efo Kodzo, ọjọ́ wo lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ̀nà àtijọ́?"

"Ọjọ́ keje oṣù Karùn-ún."

"Ẹ parí?"

"Ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹfà."

"Ojoojúmọ́ lẹ̀ ń wò ó?"

"Ojoojúmọ́, Ìyáàfin."

"Kò sẹ́ni tó kàn án."

"Kò sẹ́ni."

Ó mi orí. "Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi ka ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún."

Sefakor ṣí ìwé rẹ̀. Nílé ìtọ́jú orí òkè, ẹni tó bá fi ibi iṣẹ́ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ ibi tó lọ àti ìgbà tó dé. Òun nìkan ló wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò, síbẹ̀ ó ń kọ ọ́.

"'Mo gun òkè ní aago mẹ́wàá,'" ó ń kà á. "'Mo gba lẹ́tà mẹ́jọ. Mo padà dé ní aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.'"

Ìyáàfin Dzigbordi yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí wa.

"Ohun tí ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ kọ rèé. Ọjọ́ kan náà. Aago mọ́kànlá ku ogún ìṣẹ́jú. Sefakor. Lẹ́tà mẹ́jọ." Ó fi biro kan orí tábìlì. "Efo, ẹ ní ojoojúmọ́ lẹ̀ ń ṣọ́ ọ. Níbo lẹ wà lọ́jọ́ yẹn?"

Mo ka orúkọ Sefakor lójú kọ̀ǹpútà náà.

"Ọjọ́ mélòó lẹ fi ṣọ́ ọ?"

"Mẹ́rin."

Dókítà Ametefe bọ́ awò ojú rẹ̀. Edem, ẹlẹ́nu mímú, tẹ orí ba.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ ka ọgbọ̀njọ́ oṣù Kẹfà."

"'Ẹ̀rọ ní wọ́n kọ̀ mí, ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo pe Efo Kodzo. Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.'"

"Bí kò bá sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì," Ìyáàfin Dzigbordi wí, "kọ̀ǹpútà nọ́ọ̀sì ò ní rí wa rárá, á kàn máa wá wa kiri ni. Bó bá ní 'wọ́n kọ̀ mí', ó dé ọ̀dọ̀ wa, àwa la lé e padà. Efo mọ ìyàtọ̀ méjèèjì. Èmi ni mo kọ́ ọ."

Sefakor pa ìwé rẹ̀ dé. Ohùn rẹ̀ kéré nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Oṣù mẹ́rin, Efo. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá orí mi ló dàrú. Mo máa ń ṣí ìwé yìí, mo máa ń bi ara mi pé, ṣé mo pè yín lóòótọ́, àbí ṣe ni mo kọ ọ́ lásán?"

"O pè mí," mo sọ.

Ohun kan ṣoṣo tó jẹ́ òótọ́ tí mo ti sọ fún un láti ìgbà náà nìyẹn.

Wọ́n dá Sefakor padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Dókítà Ametefe lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì orí òkè fúnra rẹ̀, ó sọ níwájú ìjọ pé kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Wọ́n lé mi. Ẹ̀tọ́ ni. Ìyàwó mi kò bá mi jà. Ó kàn ṣíwọ́ pípè mí ní ọ̀gá.

Ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí, àwọn kan nínú yín yóò ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kò kan àwọn. Ó kàn yín. Ẹni tí wọ́n bá ní kó ka nǹkan, tó fojú wọ̀n ọ́n, òpùrọ́ ni. Ẹni tí wọ́n bá ní kó dúró oṣù kan, tó dúró ọjọ́ mẹ́rin, tó sì fọwọ́ sí i pé oṣù kan ni, olè ni, ọjọ́ ẹlòmíràn ló jí. Ó tọ́ kí a ti ohun tí a kò lò pa. Èmi kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé a kò lò ó nígbà tí n kò tíì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó jìnnà jù lọ. Ẹ má sì ṣe fi pé ẹ pẹ́ kí ẹ tó kàwé ṣe àwáwí. Ìgbà tí n kò mọ̀wé, n kò gbé lẹ́tà ẹnikẹ́ni pa mọ́ rí.

Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ dé tí ọ̀nà sì ṣí, mo gun òkè lọ sọ́dọ̀ Daavi Abla, opó Korsi. Ó ń sá ata sórí ẹní nígbà tí mo dé. Kò mọ̀ mí. Ó fún mi ní àga, ó bu omi fún mi, ó wá béèrè ohun tí mo bá wá.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ife omi náà wà lọ́wọ́ mi.

"Ilẹ̀kùn tẹ́ ẹ sọ yìí," ó béèrè nígbà tí mo dákẹ́, "bí èèyàn bá fẹ́ ṣí i, ṣé ó máa ń pẹ́?"

"Kò pẹ́."

"Ó tó ìgbà wo?"

"Kò tó ìṣẹ́jú kan."

"Lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì pè yín, níbo lẹ wà?"

"Mo jókòó níwájú ẹ̀rọ náà."

Ó mi orí, bí ẹni tí wọ́n sọ iye ata lójà fún. Ó ní kí n mu omi mi. Mo mu ún. Ó gba ife náà lọ́wọ́ mi, ó ṣan án, ó dojú rẹ̀ dé sórí òkúta, ó sì padà sídìí ata rẹ̀.